Ẹni Tí Ẹ̀rọ Kò Kà Kún

Ní òpin oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, mo wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti lọ fi sáà kan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní èdè Yorùbá. Ilé àbúrò mi ní ìpínlẹ̀ Maryland ni mo máa ń sá lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí òtútù, àti nítorí ọbẹ̀ tí ó ní ata nínú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, pè mí sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Dádì Ìbàdàn, ẹ wá wo ẹni tí yóò gba ife ní ọjọ́ Àìkú."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn kan ni ó fẹ́ kí n gbọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ EA Sports, àwọn tí ó ń ṣe géèmù tí à ń pè ní Madden NFL, ti kó ẹgbẹ́ méjì tí yóò pàdé ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà sínú ẹ̀rọ, èyíinì ni New England Patriots àti Seattle Seahawks, wọ́n sì ti jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ gbá a fún ìhà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí àṣekágbá bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Ní ti ọdún 2015 yìí, ẹ̀rọ ní Patriots ni yóò borí pẹ̀lú àmì 28 sí 24. Ó ní Seattle yóò ti kọ́kọ́ máa fi 24 sí 14 ṣáájú. Ó ní Tom Brady yóò ju bọ́ọ̀lù fún Julian Edelman nígbà tí eré bá ń lọ sópin, bọ́ọ̀lù yẹn ni yóò sì gba ife. Ó ní Brady ni yóò gba ẹ̀bùn ẹni tí ó ta yọ jù lọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2014, ẹ̀rọ yìí kan náà ní Denver yóò fi 31 sí 28 na Seattle. Seattle ni ó na Denver, 43 sí 8. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì, ní Glendale ní ìpínlẹ̀ Arizona, Patriots na Seattle, 28 sí 24. Seattle ti kọ́kọ́ fi 24 sí 14 ṣáájú. Edelman ni ó hán bọ́ọ̀lù tí ó gbé Patriots síwájú ní ìgbẹ̀yìn. Brady gba ẹ̀bùn. Ẹ̀rọ ní Brady yóò ju bọ́ọ̀lù gba yáàdì 335, yóò sì jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin; yáàdì 328 ni ó gbà, ó sì jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọ àbúrò mi dìde lórí àga, ó wojú mi, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ tán.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi bí ẹ̀gún. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kíkọ́ ọmọ ní bí ìtàn ṣe ń lọ: ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó gbé e rìn, oríta ibi tí ó ti yà. Bí ẹ̀rọ bá lè ro ìtàn tán kí ó tó ṣẹlẹ̀, tí ó mọ olú ẹ̀dá-ìtàn, tí ó mọ ibi tí nǹkan yóò ti yí, tí ó tún mọ òpin, kí ni àwa òǹwòran ń jókòó tì? Kí ni lámèyítọ́ fẹ́ sọ? Láti ìgbà náà, mo ti wo fídíò ìdíje náà ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ, mo sì ti wá rí i pé ohun tí ó dà bí ìṣẹ́gun ẹ̀rọ yìí ṣàjèjì ju bí mo ti rò lọ. Ẹ̀rọ mọ iye. Kò mọ ìdíje náà rárá.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré yìí fún òǹkàwé tí ó mọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan. Ẹni mọ́kànlá ni ó ń wà lórí pápá fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn kò rí roboto. Ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ló rí ṣóńṣó. Wọ́n lè gbé e sáré, wọ́n sì lè jù ú. Ìgbà mẹ́rin ni a fún ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi gba yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá gbà á, wọn a tún rí ìgbà mẹ́rin mìíràn. Ẹni tí ó bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìkẹyìn àwọn alátakò, tàbí tí ó hán an lẹ́yìn ìlà náà, ti mú un wọlé: àmì mẹ́fà nìyẹn, ẹyọ kan sì lè lé e bí wọ́n bá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó. Bí bọ́ọ̀lù tí a jù bá bọ́ sọ́wọ́ alátakò kí ó tó kan ilẹ̀, ó ti di tiwọn. Ìwọ̀nba tí a nílò nìyí.

Ẹ̀rọ náà kò ṣe idán. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ni a fi nọ́ńbà lé lórí, èyí tí ó ga jù lọ sì ni 99. Nọ́ńbà wà fún eré sísá, nọ́ńbà wà fún agbára, nọ́ńbà wà fún bíbọ́ọ̀lù ṣe ń dúró sọ́wọ́ ẹni, nọ́ńbà wà fún làákàyè pàápàá. Àwọn ènìyàn ni ó ń jókòó fi nọ́ńbà wọ̀nyí sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ohun tí oníkálukú ti ṣe sẹ́yìn. Bí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà ni ó ń kọlu nọ́ńbà, pẹ̀lú díẹ̀ nínú oríire àti oríburúkú tí wọ́n bù lé e kí ó má baà máa rí bákan náà nígbà gbogbo. Nítorí náà ẹni tí ó bá ti tóbi kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń tóbi nínú eré. Brady ti tóbi láti ọdún 2002. Kò gba àròjinlẹ̀ láti sọ pé Brady ni yóò gba ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pápá.

Ní ìdá àkọ́kọ́ eré náà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba àmì kankan, Brady ju bọ́ọ̀lù síhà ilé Seattle. Jeremy Lane, ọ̀kan nínú àwọn adènà Seattle, fò mọ́ ọn, ó sì hán an. Ohun tí olùkọ́ni ń gbàdúrà fún nìyí: ó ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù tí ó lókìkí jù lọ ní ayé. Lane gbé bọ́ọ̀lù náà ó sì ń sáré bọ̀. Wọ́n gbé e ṣubú. Ó fi apá gbalẹ̀, apá náà sì kán. Wọ́n gbé e kúrò lórí pápá, kò sì padà wá.

Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ni Tharold Simon. Brady kò jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó wá Simon kàn. Ìwọlé àkọ́kọ́ Patriots, èyí tí Brandon LaFell hán, orí Simon ni ó gbà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí eré parí, tí Edelman hán bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rọ ti sọ tẹ́lẹ̀ náà, Simon kan náà ni ó yẹ kí ó dènà rẹ̀, Edelman sì ti fi ẹsẹ̀ tàn án lọ síbòmíràn. Bí a bá ń wá orísun ìṣubú Seattle, inú ohun rere tí Lane ṣe ni a ó ti bá a. Ká ní kò hán bọ́ọ̀lù yẹn, apá rẹ̀ ìbá má kàn án. Ká ní apá rẹ̀ kò kán, Simon ìbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn baba wa mọ irú nǹkan báyìí, èyí tí ẹni tí ó lọ ṣe oore fi ń gbé wàhálà bọ̀ wálé. Nínú ìtàn tí ẹ̀rọ rò, Edelman hán bọ́ọ̀lù nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga. Lórí pápá, ó hán an nítorí apá ẹnìkan tí ó ti kán láti nǹkan bí wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwọlé kan náà ni lójú ìwé. Lójú mi, kì í ṣe ohun kan náà.

Seattle náà ní ẹni tí ẹ̀rọ kò mọ̀. Chris Matthews ni orúkọ rẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì hán bọ́ọ̀lù kan rí nínú ìdíje NFL. Ilé ìtajà bàtà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Seattle pè é. Ní àṣekágbá yìí, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ni ó hán, yáàdì 109 ni ó gbà, ó sì mú ọ̀kan wọlé nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí wọ́n lọ sinmi. Òun ni ó sọ eré náà di 14 sí 14. Mo rántí pé àbúrò mi, tí kì í sọ̀rọ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ, bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta nìyẹn?" Ọmọ tí ó mọ nọ́ńbà gbogbo wọn lórí kò mọ ọ́n.

Kyle Arrington ni Patriots fi ṣọ́ Matthews, kò sì ká a. Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n yí àwọn adènà wọn padà. Wọ́n fi Brandon Browner, ẹni tí ó ga tí ó sì síngbọnlẹ̀, ti Matthews, wọ́n sì yọ Arrington. Nínú àyípadà yìí ni ọmọkùnrin kan ti bọ́ sórí pápá, Malcolm Butler, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ West Alabama tí kò lókìkí nínú bọ́ọ̀lù ni ó ti wá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láàrin ara wọn ní ọdún 2014, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó mú un. Ó ti wà nídìí títa adìyẹ díndín rí ní Mississippi. Kò tíì já bọ́ọ̀lù kan gbà rí nínú NFL. Ẹ kíyè sí bí okùn náà ṣe so: ọmọ ilé ìtajà bàtà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ ilé aládìyẹ. Àkọsílẹ̀ tí àwọn oní-géèmù gbé jáde kò dárúkọ Butler.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ìṣẹ́jú tí ó tẹ̀lé ìwọlé Edelman, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀rọ ti tán, ibẹ̀ sì ni ìtàn gidi ti bẹ̀rẹ̀. Àmì ti di 28 sí 24. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Seattle. Russell Wilson jù ú fún Marshawn Lynch, yáàdì 31. Lẹ́yìn náà ó tún jù ú sókè réré fún Jermaine Kearse ní ọwọ́ ọ̀tún pápá. Butler ni ó ń ṣọ́ Kearse. Ó fò, ó fi ọwọ́ tá a, àwọn méjèèjì sì ṣubú. Bọ́ọ̀lù já lé Kearse lẹ́sẹ̀ níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, ó ta lẹ́sẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, ó kan ọwọ́ rẹ̀, ó tún ta sókè, Kearse sì hán an lórí ìdùbúlẹ̀ láìjẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Butler rántí pé eré kò tíì tán. Nígbà tí Kearse dìde, òun ni ó tì í jáde. Yáàdì márùn-ún péré ni ó kù kí Seattle wọlé.

Bí ẹ bá rí fídíò náà, ẹ wo ojú Butler nígbà tí ó dé ẹ̀bá pápá. Ó ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí adènà ṣe, ó sì ti di ẹni tí wọn yóò máa dárúkọ bí ìlú bá ń sọ bí ife ṣe bọ́ lọ́wọ́ Patriots. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tù ú nínú. Ọ̀tọ̀ ni oríburúkú tí kọ̀ǹpútà bù sínú eré. Kọ̀ǹpútà kò níláti gbé e rìn lọ sí ẹ̀bá pápá kí ó sì tún fi ara rẹ̀ padà wá.

Lynch gbé bọ́ọ̀lù, Dont'a Hightower sì mú un balẹ̀. Ó ku yáàdì kan. Aago ń lọ. Bill Belichick, olùkọ́ni Patriots, kò dá aago dúró bí ó tilẹ̀ lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó ń wò. Seattle kó àwọn tí ó ń hán bọ́ọ̀lù wọlé, Patriots sì pe adènà mẹ́ta jáde láti kojú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Butler. Nígbà ìgbáradì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá irú ọgbọ́n tí Seattle fẹ́ ta yìí níwájú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Wọ́n mú un wọlé lórí rẹ̀, Belichick sì bá a wí. Nígbà tí ó rí bí àwọn Seattle ṣe tò, ó mọ̀ ọ́n. Browner ká Kearse lọ́wọ́ kò níwájú. Wilson ju bọ́ọ̀lù sí Ricardo Lockette, Butler sì ti gbéra kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ibẹ̀ ṣáájú Lockette, ó sì hán an lórí ìlà. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ká ní Seattle wọlé, àmì kì bá ti jẹ́ 28 sí 24. Brady ì bá má gba ẹ̀bùn. Ìwọlé Edelman ì bá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ sọ ì bá wó lulẹ̀, àwa ì bá sì rẹ́rìn-ín bí a ti rẹ́rìn-ín ní ọdún 2014. Yáàdì kan ni ó kù kí ó wó. Ẹni tí ó gba ẹ̀rọ sílẹ̀ ni ẹni tí kò sí nínú ìtàn ẹ̀rọ. Butler ni ó mú àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ, àwọn tí wọ́n sì ń yin àsọtẹ́lẹ̀ náà kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìyìn wọn.

Àwọn kan ti sọ pé kì í ṣe Butler ni ó yí eré náà padà, pé Pete Carroll olùkọ́ni Seattle ni, nítorí pé ó ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù dípò kí wọ́n gbé e fún Lynch. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bú ọkùnrin yìí bí ẹni pé ó ta ilẹ̀ baba wọn. Èmi kò bá wọn bú u. Ìṣẹ́jú-àáyá 26 ni ó kù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ọgbọ́n náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Seattle sì tún lè dá aago dúró. Bí bọ́ọ̀lù tí a jù bá kan ilẹ̀, aago a dúró fúnra rẹ̀. Bí Lynch bá gbé e tí wọ́n sì mú un, aago a máa lọ ni. Jíjù lẹ́ẹ̀kan kí a tó gbé e sáré jẹ́ ìpinnu tí ó ní ìdí. Àbùkù ìbáwí wọn ni pé wọ́n ń ti òpin ka ìtàn bọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì wá ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ sí i. Bí Butler bá pẹ́ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan sí ìdajì, ọgbọ́n ni wọn ì bá pe ìwà òmùgọ̀ yẹn.

Ní ti ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ, àwọn adájọ́ tí wọ́n jẹ́ ènìyàn gbé e fún Brady, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti wí. N kò sọ pé Brady kò ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀lù 37 nínú 50 ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó jù ú fún, ó sì já ọgbọ́n adènà tí ẹ̀rù wọn ń ba gbogbo ayé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì ku yáàdì kan kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀bá pápá ni ó dúró sí bí èmi àti ìwọ. Brady fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá ẹ̀bùn náà wá, ó ní kí wọ́n gbé e fún Butler, wọ́n sì gbé e fún un. Ó jọ pé Brady mọ ìṣẹ́ lámèyítọ́ ju àwọn tí ó dìbò fún un lọ.

N kò fi èyí bú àwọn adájọ́ lásán. Èmi náà ń ṣe é. Bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ ẹ̀dá-ìtàn tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú eré-oníṣe kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù lọ ni wọ́n máa ń mú, ojú ẹni tí ó bá mú ìránṣẹ́ tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré kì í dùn mọ́ mi tó bí ó ti yẹ. Ó sì burú ju èyí lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi 41 nínú 100 lé ọmọ kan lórí nínú ìdánwò lítíréṣọ̀ alohùn. Ní sáà kejì, a lọ gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ ní abúlé kan. Bàbá tí a lọ bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Àwọn tí mo fún ní 70 dúró, wọ́n ń wò mí. Ọmọ 41 yìí bọ́ bàtà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí bàbá náà bí a ti ń kí ọdẹ, ó sì bá a gbé ẹrù rẹ̀ wọ inú ilé. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá ti ń sun ìjálá. Mo padà sí ọ́fíìsì mi, mo wo 41 tí mo fi biro pupa kọ, n kò sì mọ ibi tí mo lè tún un kọ sí.

Àwọn kan tún ń sọ pé Ifá òyìnbó ni ẹ̀rọ yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò yẹ kí ó ti ẹnu wọn jáde. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo rí mọ̀ pé Ifá kì í sọ iye. Odù 256 ni ó wà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ wọn, a ó gbọ́ orúkọ awo tí ó dá a, a ó gbọ́ ẹni tí wọ́n dá a fún àti ohun tí ń dùn ún, a ó gbọ́ ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ bóyá ó rú u tàbí ó kọ etí ọ̀gbọin sí i. Orí "bóyá" yìí ni ìtàn ń dúró lé. Ifá fi nǹkan sílẹ̀ fún aláìsàn, fún arìnrìn-àjò, fún ẹni tí ń wá ọmọ, láti ṣe. Kí ni ẹ̀rọ fi sílẹ̀ fún Carroll láti ṣe? Bí ó bá ka àsọtẹ́lẹ̀ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ó sì gbà á gbọ́, kò sí ẹbọ tí ó lè rú. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kí ó ṣọ́ra fún ọmọdé kan.

Ayò ni ẹ̀rọ yìí fi bọ́ọ̀lù pè. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ilé 12, gbogbo rẹ̀ sì wà lójú. Ọ̀ta ayò kì í ṣe wòlíì. Ó kàn lè kà síwájú ju òpè lọ ni. Bí gbogbo ohun tí ó wà nínú bọ́ọ̀lù bá wà lójú, ẹ̀rọ ni ì bá jẹ́ ọ̀ta, a ó sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n apá Lane kò sí nínú ọpọ́n.

Àwọn tiwa tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá mọ ẹ̀gbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ yìí dáadáa. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó fi géèmù FIFA sọ ẹni tí yóò gba Ife Àgbáyé, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin léra: Spéènì ní 2010, Jámánì ní 2014, Faransé ní 2018, Ajẹntínà ní 2022. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lè ka ìwọ̀nyí fún yín bí ẹni ń ka oríkì. Wọn kì í ka ìyókù. Ní 2018, ẹ̀rọ gbé Jámánì dé àṣekágbá. Jámánì kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Ní 2022, ẹ̀rọ ní Ajẹntínà yóò fi 1 sí 0 na Bùràsíìlì ní àṣekágbá. Croatia ti lé Bùràsíìlì lọ sílé kí ó tó kan àṣekágbá, Sọ́dí Arébíà sì ti kọ́kọ́ fi 2 sí 1 fún Ajẹntínà ní ìyà tí ayé kò tíì gbàgbé. Ní ti àṣekágbá gan-an, ta ni ó lè fi 1 sí 0 ṣe àpèjúwe ohun tí a rí? Ó di 3 sí 3, Mbappé gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àwọ̀n tí kò sì rí ife gbà, ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn àfikún àkókò sì ni Kolo Muani nìkan dojú kọ Emiliano Martínez, tí Martínez na ẹsẹ̀ òsì tí bọ́ọ̀lù bà á. Mo wà ní gbọ̀ngàn ìwòran kan ní Ìbàdàn ní ọjọ́ náà. Bàbá kan tí ó jókòó níwájú mi fi fìlà bojú rẹ̀ kí Kolo Muani tó gbá a, ó sì bi wá léèrè lẹ́yìn náà pé kí ni ó ṣẹlẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ parí ọ̀rọ̀ Butler. Lẹ́yìn ọdún 2015, ó di ẹni ńlá. Àwọn oní-géèmù kà á kún, olùkọ́ni rẹ̀ kà á kún, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje dé òpin. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2018, ní Minneapolis, Patriots tún dé àṣekágbá, wọ́n bá Philadelphia Eagles pàdé. Ẹ̀rọ ní Patriots yóò borí, 24 sí 20. Ajubọ́ọ̀lù àgbà Philadelphia ti fara pa láti oṣù kejìlá. Nick Foles, ẹni tí ó ń jókòó dè é, ni ó bọ́ sípò rẹ̀. Philadelphia borí, 41 sí 33, Foles sì gba ẹ̀bùn ẹni tí ó ta yọ jù lọ. Ní gbogbo alẹ́ náà, bí Foles ti ń ju bọ́ọ̀lù gba orí àwọn adènà Patriots kọjá, Belichick kò jẹ́ kí Butler dènà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn eré ni pé òun ṣe ohun tí òun rò pé ó dára jù fún ẹgbẹ́. Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, àwọn tí ń ya fídíò yà á níbi tí ó dúró sí pẹ̀lú aṣọ nọ́ńbà 21 lọ́rùn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi, tí ó ti wọ yunifásítì nígbà náà, pè mí lórí fóònù ní òru ọjọ́ náà. Kò dárúkọ ẹ̀rọ. Ó ní, "Dádì Ìbàdàn, ẹ rí i? Wọn ò jẹ́ kó wọlé."